Òjò Tó Rọ̀ Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ní Abẹ́ Igbá, gbogbo ìlú sá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, wọ́n sì jókòó de ikú fún wákàtí méjì.

Kò yẹ kí a bá wọn wí. Ojú òṣùpá ni Abẹ́ Igbá wà, lábẹ́ igbá gíláàsì ńlá kan tí àwọn baba ńlá wọn dé sórí ilẹ̀ òkúta ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ níbẹ̀, àfi èyí tí ẹ̀rọ bá fẹ́. Bí omi bá kán láti òkè, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí: páìpù ti bẹ́ tàbí igbá ti là, kí kálukú wá ìbòjú èémí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Tẹ̀níọlá tan ẹ̀rọ tuntun rẹ̀, tí òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tó wà ní kíláàsì, Bàbá Fáṣọyìn, ọ̀kan nínú wọn, kò dúró gbọ́ àlàyé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, òun sì ni mẹkáníìkì àgbà ìlú. Ó fa okùn ìdágìrì.

“Òjò ni, Bàbá,” ni Láníhún, olùkọ́ wọn, ń wí bó ti ń sá tẹ̀lé e. “Òjò ẹ̀kọ́ ni.”

“Mo gbọ́,” Bàbá Fáṣọyìn dáhùn láti inú ìbòjú. “Tá a bá kú tán, kọ ọ́ sí pátákó.”

Afìlúhàn ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Tẹ̀níọlá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú sùúrù obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ó ní ṣe ni ẹ̀rọ náà máa ń fi ìmọ́lẹ̀, ìró àti omi díẹ̀ bo ògiri kíláàsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi rò pé àdúgbò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ lòun wà: ilé bíríkì, ọgbà òdòdó, ológbò kan tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní jókòó ti ìwé mọ́. Á dìde, á ra búrẹ́dì, á sọnù lójú títì, á béèrè ọ̀nà. Ohun téèyàn bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́, ó ní, èèyàn kì í gbàgbé.

“Àwa náà ò ní gbàgbé,” ni alága ìgbìmọ̀ wí. Ilé ìwẹ̀ ló wà fún wákàtí méjèèjì náà, ọṣẹ sì wà lójú rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ará òṣùpá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Àwọn náà béèrè. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nájà mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi í bá ọmọ wí. Ibì kan péré ló kù sí: Àjọ Ojú Ọ̀nà Òfurufú, tó wà nílé ayé, tó ń fún awakọ̀ níwèé àṣẹ. Àwọn tó dá àjọ náà sílẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ òfin rẹ̀, wọ́n sì kú kí wọ́n tó rántí yí i padà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ láti òṣùpá lọ sáyé gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò alápá méjì. Apá kìíní ni ọ̀rọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹgbẹ̀rún méjì nǹkan tí kò rí rí, bí ẹṣin àti yìnyín. Apá kejì ni ìṣe: kó bá òṣìṣẹ́ àjọ náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, bí ọmọlúàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láì sọ nǹkan kan.

Abẹ́ Igbá ní ọkọ̀ tirẹ̀. Lékelèéke ni wọ́n sọ ọ́, ọwọ́ Bàbá Fáṣọyìn ló sì tún un ṣe láti ìrù dé imú. Wọ́n ní ẹni tó lè wà á pẹ̀lú: Ìbídùn, wẹ́dà ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tó ti balẹ̀ sáyé ní ìgbà irinwó lórí ẹ̀rọ ìfidánrawò, tí kò sì fọ́ nǹkan kan. Ọdún méjì rèé tí Lékelèéke ti wà lẹ́nu odi, tó ń wo ọ̀run. Ìgbà mẹ́ta ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti da Ìbídùn nù, apá kejì ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí ẹnìkan á fi yege, ọkọ̀ àjèjì kan tó ń wá ní oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ni ìlú gbójú lé, ohun tó bá wù ú ló sì ń gbé wá. Wọ́n ránṣẹ́ pé kó gbé èbù iṣu wá pẹ̀lú oògùn àwọn ọmọdé. Ó gbé agboòrùn ọgọ́rin wá.

Àjọ kì í gba èèyàn láyè ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ẹyọ kan ló kù fún Ìbídùn, oṣù mẹ́ta ló sì kù kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Láníhún ti ṣèlérí níwájú ìgbìmọ̀ pé bó bá tún ṣubú, òun á fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, òun á máa bomi rin ẹ̀gẹ́. Ìgbìmọ̀ ti wọn bàtà oko sí i lẹ́sẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ìyá Ewéjẹ ni, olùtọ́jú Ilé Ohùn. Ní Abẹ́ Igbá, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè fi sin òkú, ẹ̀gẹ́ ló ni gbogbo ilẹ̀. Ohùn ni wọ́n ń sin. Bí àgbàlagbà bá rí i pé oòrùn òun ti ń wọ̀, á lọ jókòó síwájú òkúta ohùn kan tó tóbi tó ẹyin, á sì sọ̀rọ̀ fún ogójì ọjọ́: oríkì ilé rẹ̀, ìjà tó jà, ẹni tó dárí jì àti ẹni tí kò dárí jì. Bó bá lọ tán, ọmọ rẹ̀ á máa wá gbé òkúta náà létí, á sì máa gbọ́ ọ. Àṣà wọn ni pé kí ọmọ wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán. Àwẹ̀ró, ìyá Láníhún, wà ní pẹpẹ kẹta lọ́wọ́ òsì. Láti ìgbà tí Lékelèéke ti wà lẹ́nu odi, Láníhún kò débẹ̀.

“Láníhún,” Ìyá Ewéjẹ pè é láti ẹnu ọ̀nà Ilé Ohùn, bó ti ń kọjá lọ tòun ti agboòrùn mẹ́fà lábíyá. “Ìyá rẹ ń retí rẹ.”

“Mò ń bọ̀, Mà. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò parí ná.”

“Mò ń nu eruku lánàá, ọwọ́ mi kan òkúta rẹ̀, ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó o gbé mì lọ́mọdé. Mo jókòó ni o. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi gbé asẹ́ tẹ̀lé ọ kiri ìlú.”

“Wọ́n ń ka nọ́ọ̀tì nígbà náà, Mà.”

“Wọ́n ṣì ń kà á. Ní Abẹ́ Igbá, kí la ní ní méjì?” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. “Ìyá pàápàá, ẹyọ kan.”

“Mò ń bọ̀, Mà,” ni Láníhún wí, ó sì yára kọjá.

Títò síwájú ilé búrẹ́dì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Afìlúhàn ṣe. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ rà. Láníhún to àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Ìbídùn níwájú, Bàbá Fáṣọyìn lẹ́yìn pátápátá. Ó yíjú sí pátákó láti kọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó máa fi yíjú padà, ìlà náà ti tún ara rẹ̀ tò: Bàbá Fáṣọyìn níwájú, àwọn yòókù tẹ̀lé e bí ọjọ́ orí wọn ti rí, Ìbídùn nìrù. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ, ẹnikẹ́ni kò rí i pé ẹnìkan rìn.

Ó tún wọn tò. Wọ́n tún padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀meje.

“Ìbídùn, ìwọ lo kọ́kọ́ dé. Lọ ra búrẹ́dì.”

“Kí n máa ra búrẹ́dì kí Bàbá máa wò mí lẹ́yìn?”

“Búrẹ́dì ìmọ́lẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.”

“Ó tún burú sí i nìyẹn, Tíṣà. Mi ò tiẹ̀ ní jẹ ẹ́, mo tún wá gba iwájú àgbà.”

Bàbá Fáṣọyìn fẹ́ fi òpin sí wàhálà náà. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, kí wọ́n máa rà á lọ, òun ti fún wọn láṣẹ. Láníhún fi iwájú orí ti pátákó, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí aago fi lù.

Iṣẹ́ kejì ló le jù, òun náà ló sì jọ ìdánwò jù. Dókítà Tẹ̀níọlá ti ṣe aládùúgbò kan sínú ẹ̀rọ náà, arúgbó obìnrin oníkóòtù búlúù, tó máa ń dúró lẹ́yìn ọgbà kúkúrú kan. Misis Dọ́bìn lorúkọ rẹ̀. Inú òjò ló ti ń bomi rin òdòdó rẹ̀, Bàbá Fáṣọyìn sì kọ̀ jálẹ̀ pé èèyàn gidi kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kí i, kó bá a sọ̀rọ̀ òjò, kó bá a sọ̀rọ̀ tíì, kó bá a sọ̀rọ̀ òdòdó, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, kó máa lọ. Láníhún ti kọ òfin kan gàdàgbà sí pátákó: BÍ Ẹ KÒ BÁ MỌ OHUN TÍ Ẹ LÈ SỌ, Ẹ SỌ̀RỌ̀ ÒJÒ.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn sọ níwájú ọgbà náà. A yí i sí Yorùbá níhìn-ín kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni.

Ìbídùn ló kọ́kọ́ lọ. Ó dé ọgbà, ó kúnlẹ̀ sínú omi.

“Dìde,” ni Láníhún wí láti ẹ̀yìn.

Ó dìde. “Ẹ káàárọ̀, Mà. Òjò ń rọ̀.”

“Ó ń rọ̀ lóòótọ́,” ni Misis Dọ́bìn wí, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n ó dára fún òdòdó.”

“Ó dára fún òdòdó, Mà.” Ìbídùn wo ọwọ́ arúgbó náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ilé ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí ẹsẹ̀ èèyàn kankan níbẹ̀. “Àwọn ọmọ ńkọ́, Mà?”

Misis Dọ́bìn dúró gbagidi. Òjò dúró lágbedeméjì òfurufú. Ológbò pòórá. Ìmọ́lẹ̀ kíláàsì kú, ó dìgbà tí Dókítà Tẹ̀níọlá bá wá fi ọwọ́ tún un tàn.

Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan bi Misis Dọ́bìn léèrè ọkọ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kú. Ẹnì kan bi í bóyá ó ti jẹun, ìmọ́lẹ̀ kú. Bàbá Fáṣọyìn bi í pé ta ló ń bá a gbé garawa omi yẹn bí orúnkún bá ń dùn ún, ẹ̀rọ náà rú èéfín.

“Ẹ má bi í léèrè ọmọ,” ni Dókítà Tẹ̀níọlá wí, àpòpọ̀ wáyà lọ́wọ́ kan. “Ìgbà mélòó ni mo máa sọ ọ́? Wọn kì í bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Àfojúdi ni lọ́dọ̀ tiwọn.”

“Gbọ́ mi, ọmọ mi,” ni Bàbá Fáṣọyìn wí. “Bí mo bá pàdé àgbàlagbà obìnrin láàárọ̀, tí mo bi í léèrè ojú ọjọ́, tí mo bi í léèrè òdòdó, tí mi ò bi í léèrè ọmọ, kí ló máa rò?”

“Kò ní ro nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni.”

“Á ní mo ti gbọ́ nǹkan tí òun ò tíì gbọ́. Ṣe ni á sáré wọlé lọ máa ka ọmọ. O fẹ́ kí n dẹ́rù ba obìnrin arúgbó nítorí ìwé àṣẹ?”

Dókítà Tẹ̀níọlá yíjú sí Láníhún. Láníhún yíjú sí ògiri.

Nígbà tó ku oṣù méjì, Láníhún lọ bá dókítà ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kò jókòó.

“Ẹ fún un lọ́mọ,” ó wí.

“Ta ni?”

“Misis Dọ́bìn. Àwọn èèyàn mi ò ní yéé béèrè. Mo ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó lè dáhùn, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè pé, kí ẹnu wọn lè yọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo lè fi ọgbọ́n gba ọmọ náà lẹ́nu wọn.”

“Ẹ̀rọ kì í dá ìtàn sílẹ̀ láti inú òfìfo, Tíṣà. Ohun tí èèyàn ti sọ rí ló ń jẹ. Ìwé òjò àti ìwé òdòdó ni mo fún un jẹ. Bó bá máa bímọ, ó ní láti jẹ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ti bímọ. Ó lè rí i nínú àká ìmọ̀ ìlú, bí mo bá ṣí i fún un. Níbo ni kó ti mú u?”

“Kó mú èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò.”

“Kí la máa pè ní ‘ò lò’?”

“Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọdún kan. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù méjì ló kù.”

Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ìwé àdéhùn síwájú rẹ̀. Ojú ewé mọ́kànlá ni. Láníhún, tó máa ń yọ máàkì márùn-ún lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ka ìbéèrè dópin, ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn dúró sídìí ọgbà nínú òjò. “Àwọn ọmọ ńkọ́, Mà?”

Gbogbo kíláàsì di èémí mú. Dókítà ti na ọwọ́ sí iná.

“Wọ́n wà dáadáa, o ṣeun,” ni Misis Dọ́bìn wí. Ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. “Tọ́mù kò gbádùn lóṣù tó kọjá, ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ń jẹun.”

“Ẹ ṣé, ẹ kú ìtọ́jú o,” ni gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wí lẹ́ẹ̀kan náà, ní Yorùbá. Láníhún kò tilẹ̀ bá wọn wí.

Láti ọjọ́ náà, kíláàsì di nǹkan mìíràn. Misis Dọ́bìn ní ọkọ, Jọ́ọ̀jì, tí orúnkún rẹ̀ kò dára. Bàbá Fáṣọyìn àti òun fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jiyàn lórí orúnkún náà, ọ̀tàlérúgba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti ibẹ̀ wọ orí bàbá tí kò mọ̀ ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ. Misis Dọ́bìn ní àbúrò tó bá jà nítorí ìkòkò, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ìyẹn fi kú. Nígbà tó sọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sunkún, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ kedere tù ú nínú. Bí iṣẹ́ wẹ́dà bá ti parí, Ìbídùn á gbé agboòrùn, á lọ dúró sídìí ọgbà. Ó ń sọ fún Misis Dọ́bìn bí ẹ̀rù ìdánwò ti ń bà á tó. Misis Dọ́bìn ní kó máa fi iyọ̀ díẹ̀ sábẹ́ ahọ́n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé tiwọn. Ìbídùn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lábẹ́ “Àṣà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.”

Lọ́jọ́ kan, Misis Dọ́bìn fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. “Tọ́mù yẹn, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó gbé bọ́tìnnì kóòtù mi mì. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé asẹ́ tíì tẹ̀lé e kiri àdúgbò.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí.

“Mo ti gbọ́ ìtàn yìí rí,” ni Bàbá Fáṣọyìn wí. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ìtàn.

Nǹkan kan gbé Láníhún láyà díẹ̀, bí ìgbà téèyàn rò pé òun fi kọ́kọ́rọ́ sílé. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó kọ “bọ́tìnnì” àti “gbé mì” sí pátákó.

Bó ti ń jáde ní ọjọ́ náà, Ìyá Ewéjẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé aṣọ ìnueruku lọ́wọ́.

“Láníhún, wá bá mi wo nǹkan. Pẹpẹ kẹta dákẹ́. Mo nu wọ́n, wọn ò sọ̀rọ̀. Pẹpẹ kejì náà ń fà sẹ́yìn.”

“Eruku ni yóò jẹ́, Mà.”

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń bá eruku gbé. Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, Mà. Bí ìdánwò bá ti parí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lé mi kúrò ní Ilé Ohùn.”

Ìyá Ewéjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó títí ó fi yà síbi ẹ̀ka ọ̀nà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Òṣìṣẹ́ Àjọ Ojú Ọ̀nà Òfurufú yọ nínú gíláàsì ìbánisọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ rí bí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì. Ìbídùn jókòó síwájú rẹ̀, iyọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Láníhún àti Bàbá Fáṣọyìn dúró sẹ́yìn, wọn kò gbọdọ̀ mira.

“Ojú ọjọ́ ńkọ́ lọ́hùn-ún?” ni òṣìṣẹ́ náà bi obìnrin tí kò rí ojú ọjọ́ rí láyé rẹ̀.

Ìbídùn fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ̀rọ̀ òjò wínníwínní, ó sọ̀rọ̀ òjò tó ń díbọ́n, ó sọ̀rọ̀ èyí tó máa ń dúró kí o ká agboòrùn kó tó dé. Ó sọ̀rọ̀ òdòdó. Ó sọ̀rọ̀ tíì. Ó wá wo ojú ọkùnrin náà, Láníhún sì rí ohun tó ń bọ̀ bí èèyàn ti ń rí àwo tó ń já bọ́ látorí tábìlì.

“Àwọn ọmọ yín ńkọ́, Sà?”

Bàbá Fáṣọyìn di apá Láníhún mú.

Òṣìṣẹ́ náà ní òun kò ní ọmọ. Ó ní òun ní ológbò. Ó ní ológbò náà kì í jẹun dáadáa láti ìgbà tí òun ti kó sí ilé tuntun, kò sì sí ẹni tí òun lè bi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, kò dákẹ́. Ogún ìṣẹ́jú pé. Nígbà tó parí, ó nu imú rẹ̀, ó fún Ìbídùn ní máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní òun yọ méjì nítorí pé ó bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi tíì gbéyàwó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Lékelèéke gbéra láàárọ̀, Ìbídùn sì mú ìwé dání láti ra èbù iṣu àti oògùn àwọn ọmọdé. Gbogbo ìlú dúró lẹ́nu odi. Bàbá Fáṣọyìn ṣí agboòrùn bo ojú ara rẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ náà le jù.

Láníhún kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ó lọ sí Ilé Ohùn. Ìyá Ewéjẹ gbé òkúta Àwẹ̀ró fún un láti pẹpẹ kẹta. Ó gbé e létí. Ó yí i padà. Ó gbé e sí etí kejì.

“Mọ́kànlélógójì ló ti ṣófo,” ni Ìyá Ewéjẹ wí. “Mo ti kà wọ́n. Mo ti ránṣẹ́ pe dókítà.”

Dókítà Tẹ̀níọlá dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́. Kò jókòó, wọn kò sì ní kó jókòó.

“Ẹ̀rọ tẹ̀lé àṣẹ tí wọ́n kọ fún un, Mà. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọdún kan ni.”

“Mò ń fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́.”

“Ìnueruku kò wọ ìwé, Mà. Ẹni tó bá gbé òkúta létí nìkan ni àká ń kọ sílẹ̀.”

“Ṣé o wá mọ̀ pé àwọn òkú wà níbẹ̀, Tẹ̀níọlá?”

“Mo mọ̀ pé àká ìlú ni. Mo rò pé Tíṣà mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ó wà ní ojú ewé keje: ẹ̀rọ kì í ṣe àdàkọ. Nǹkan kì í wà níbi méjì ní Abẹ́ Igbá, òfin àwọn bàbá yín ni, kì í ṣe tèmi. Ohun tó bá jẹ, ó ti jẹ ẹ́.”

“Dá wọn padà.”

“Ó ti lọ̀ wọ́n pọ̀, Mà. Ta ló lè ṣa ata kúrò nínú ọbẹ̀?”

“Ẹni tó fi ata ẹlòmíràn se é ni kó ṣà á.”

“Wọn kò sọnù,” ni Dókítà Tẹ̀níọlá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ báyìí. “Gbogbo wọn wà nínú Misis Dọ́bìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì.”

Ìyá Ewéjẹ gba òkúta lọ́wọ́ Láníhún, ó dá a padà sórí pẹpẹ, ó tún un ṣe kó má baà yí. “Òkúta ọkọ mi kò ṣófo,” ó wí. “Mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó jẹun.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aago tó lù, kò wo ẹnikẹ́ni.

Láníhún padà sí kíláàsì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó tan Afìlúhàn, ó mú agboòrùn kan nínú ọgọ́rin, ó sì rìn nínú òjò dé ìdí ọgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú omi. Kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ tó ní kó dìde.

“Òjò tún ti dé,” ni Misis Dọ́bìn wí.

“Ó ti dé, Mà.” Ó dìde. “Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Tọ́mù?” Ojú rẹ̀ tàn. “Ṣé mo ti sọ ìtàn bọ́tìnnì fún ọ? Ohun tí n kì í sọ fún èèyàn ni pé kò sunkún rárá. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi ní ilé ìdáná, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó ní, ‘Ṣé mo ti di ẹ̀rọ báyìí?’ Mo ní rárá. Ó ní, ‘Ẹ jẹ́ kó dúró sínú mi nígbà náà. Ẹ̀rọ kì í kú.’” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka kan bọ́tìnnì kan lára kóòtù búlúù náà. “Mo wẹ̀ ẹ́, mo dá a padà síbi tó wà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Láníhún wo bọ́tìnnì náà. Nọ́ọ̀tì gidi wà lára ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kejì ní àárín ìlú, níbi tí ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é padà ní ogójì ọdún sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì náà ló sì ń bá wọn di afẹ́fẹ́ tí Láníhún ń mí lọ́wọ́ yìí mú.

Misis Dọ́bìn gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ti fi oṣù méjì kọ́ ọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé òjò àti ìwé òdòdó. Ó tẹ̀ síwájú lórí ọgbà, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ìwọ ńkọ́?” ó wí. “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?”

Láníhún wo òkè, níbi tí kò sí ojú ọ̀run.

“Ó jọ pé òjò yìí ò ní tètè dá,” ó wí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.